Láti Orí Awò dé Inú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Àyẹ̀wò Àrùn láti Ìbàdàn sí Ganaja

Ojú omi ni ìṣègùn òyìnbó gbà dé agbègbè Lọ́kọ́jà. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad, tí William Balfour Baikie jẹ́ olórí rẹ̀, gba Odò Ọya wọ Odò Bẹ́núé. Kuníìnì tí wọ́n ń lò kò jẹ́ kí ibà pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Síbẹ̀, kò tí ì sí ẹni tí ó rí ohun tí ń fa ibà náà. Ní 1880 ni Laveran, oníṣègùn ará Faransé, rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ní Àljéríà, pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Láti ìgbà náà, ojú ẹni tí ó tẹ̀ sórí awò ni ìdájọ́ ọ̀pọ̀ àrùn dúró lé. Ní UCH Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington dá àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní 1960. Wọn a gé ẹran ara aláìsàn ní pẹlẹbẹ, wọn a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọn a pa á láró, kí onímọ̀ tó wò ó.

Ní òde òní, ẹ̀rọ lè ya àwòrán gíláàsì náà látòkèdélẹ̀. Àjọ tí ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ìdájọ́ àrùn ní 2017. Ní 2021, ó fọwọ́ sí Paige Prostate, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ń tọ́ka sí ibi tí jẹjẹrẹ pròsítéètì lè fara pamọ́ sí nínú àwòrán.

Àǹfààní èyí kò ṣòro láti rí ní Ganaja. Ní 2012 àti 2022, omíyalé Odò Ọya bo ọ̀nà Ganaja mọ́lẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, gíláàsì tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ kò ní ọ̀nà. Àwòrán kì í wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì ni mọ́tò tirẹ̀; bí wọ́n bá kọṣẹ́, òun náà dúró.

Ẹ̀wẹ̀, ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i ní ìnaró. Ọmọdé ni ẹ̀rọ yìí. Ohun tí a bá fi hàn án ni ó mọ̀. Bí gíláàsì òkè òkun nìkan ni a fi kọ́ ọ, ó lè ṣi àrùn àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí mọ̀. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ bí irú ti Ìbàdàn ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn tí ó bá tọ́jú gíláàsì rẹ̀ ni yóò ní ohun tí yóò fi kọ́ ẹ̀rọ. Èyí tí ó bá da tirẹ̀ nù, ìdájọ́ tí a fi ara ẹlòmíràn kọ́ ni yóò máa gbà.