Títún ìkànnì abẹ́lé ilé-iṣẹ́ ṣe: Ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ní ìkànnì kan tí ará ìta kò lè wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà nìkan ni ó ní àṣẹ láti ṣí i, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń kó ohun tí iṣẹ́ ń béèrè sí: fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìsinmi, òfin ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn ẹ̀ka, àlàyé lórí owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì, títí kan ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí iná bá sọ tàbí bí ẹnikẹ́ni bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Íńtránẹ́ẹ̀tì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní ìkànnì abẹ́lé.

Bí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ bá dára, ó ń mú iṣẹ́ yá. Bí kò bá dára, àdánù rẹ̀ kì í tètè hàn sí àwọn ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò díẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní 1,000 òṣìṣẹ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fi ìṣẹ́jú 5 ṣòfò lójúmọ́ níbi tí ó ti ń wá ohun tí kò rí, ìṣẹ́jú 5,000 ni ó lọ yẹn, ó sì lé ní wákàtí 83. Ó dà bí ẹni pé òṣìṣẹ́ 10 wá sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n jókòó di ìrọ̀lẹ́ láìṣe ohunkóhun, tí wọ́n sì gba owó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àdánù mìíràn wà tí kò ṣeé fi owó ṣírò. Òṣìṣẹ́ tí kò rí òfin tí ó sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà. Ẹni tí kò sì tètè rí ìlànà ààbò lè fi ara gbọgbẹ́.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe àìní ẹ̀rọ tí ó dára ni ó sábà máa ń ba ìkànnì abẹ́lé jẹ́. Bí wọ́n ṣe to ohun inú rẹ̀ ni. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ ojúewé tirẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò sì fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ka òun wà lókè. Nígbà tí ó bá yá, ìkànnì náà yóò wá dà bí àtẹ ipò àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ó fẹ́ mọ iye ọjọ́ ìsinmi tí ó tọ́ sí i, kò bìkítà bóyá ẹ̀ka òfin ni ó kọ ọ́ ni tàbí ẹ̀ka ìṣúná owó. Ohun tí ó fẹ́ ṣe ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka tí ó ni í.

Nítorí náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ tàbí àwòrán. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ṣe lọ́dún 1994

Ọ̀kan lára irú iṣẹ́ yìí tí ó kọ́kọ́ lókìkí ni ti ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1982, tí ó sì ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ojúewé abẹ́lé ti ń pọ̀ níbẹ̀, kálukú sì ń ṣe tirẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Jakob Nielsen, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrọ̀rùn lílo ẹ̀rọ, àti Darrell Sano, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ yíya ojú ẹ̀rọ, ni wọ́n gbé ìlànà kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo ojúewé náà. SunWeb ni wọ́n pè é. Wọ́n ṣe àlàyé iṣẹ́ náà níbi ìpàdé àgbáyé kejì lórí ayélujára, tí ó wáyé ní ìlú Chicago, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994. Ìdánwò mẹ́rin ni wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ láàárín àkókò kúkurú.

Èkíní ni títo káàdì. Wọ́n kọ oríṣi ìsọfúnni 51 sórí káàdì pélébé, oríṣi kan sórí káàdì kan. Wọ́n tú wọn ká sórí tábìlì, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ kó àwọn tí ó bá jọ ara wọn jọ sójú kan. Wọn kò sọ iye òkìtì tí ó gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní kí ó fún òkìtì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe tò lọ́kàn àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn.

Èkejì ni ìdánwò àwòrán. Wọ́n fi àwọn àwòrán kéékèèké tí yóò wà lójú ìkànnì han òṣìṣẹ́ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, wọ́n sì béèrè ohun tí ó rò pé ó túmọ̀ sí. Èsì rẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwòrán tí wọ́n yà fún àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́, ẹnì kan ní ilé ìwòsàn ni, ẹlòmíràn ní owó ni, ẹnì kan sì dárúkọ ètò ìlera Ààrẹ Bill Clinton, tí àríyànjiyàn ń lọ lé lórí nígbà náà. Àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n yà, báàgì ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ rí i sí. Àwòrán pátákó ìkéde tí ó dúró fún ìròyìn tuntun, ẹnì kan ní aṣọ tí wọ́n fọ̀ ni. Ohun tí ó hàn kedere sí ẹni tí ó yà á kò hàn bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n tún kó káàdì fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n pín wọn sábẹ́ àwọn àwòrán náà. Èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n rí i bóyá ibi tí àwọn fẹ́ kó nǹkan sí bá ibi tí òṣìṣẹ́ yóò ti wá a mu.

Ẹ̀kẹrin ni ríronú sókè. Wọ́n gbé àwòṣe ojúewé náà síwájú òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní kí ó máa sọ ohun tí ó ń rò jáde bí ó ti ń wò ó. Clayton Lewis, nígbà tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ IBM lọ́dún 1982, ni ó ṣàlàyé ọ̀nà yìí fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ. Ó wúlò gan-an nítorí ó ń fi ibi tí ojú òṣìṣẹ́ ti rú hàn, àti ohun tí ó fà á.

Iye ènìyàn tí ó tó

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó rò pé irú ìwádìí yìí yóò gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn àti owó gọbọi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nielsen àti Thomas Landauer ṣe ìṣirò kan lọ́dún 1993, tí ó fi hàn pé ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá dán ẹ̀rọ wò máa ń ṣí nǹkan bí ìpín 31 nínú 100 àwọn ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ payá. Bí ó bá di ẹni 5, ó ń tó nǹkan bí ìpín 85. Nítorí èyí, Nielsen gbani nímọ̀ràn lọ́dún 2000 pé dípò kí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ẹni 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ẹni 5, kí wọ́n sì máa tún un ṣe láàárín rẹ̀. Ti títo káàdì yàtọ̀: ẹni 15 ni ó dábàá fún un lọ́dún 2004, nítorí bí ènìyàn ṣe ń to ọ̀rọ̀ lọ́kàn kò dọ́gba.

Bí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe lè ṣe é

Ohun àkọ́kọ́ ni láti kọ àwọn iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ sábà máa ń bá wá sórí ìkànnì náà sílẹ̀, kí wọ́n sì wo bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá wọn ti àtijọ́, wọn kò ní mọ̀ bóyá tuntun sàn jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí náà yẹ ní yíyẹ̀wò, nítorí ohun tí wọn kò rí ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀.

Èkejì, kí wọ́n wo òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má kàn bi í léèrè ohun tí ó fẹ́. Ohun tí ènìyàn sọ pé òun ń ṣe àti ohun tí ó ń ṣe gan-an lè yàtọ̀ síra. Kí ẹni tí ń wò ó má ràn án lọ́wọ́, kí ó má sì tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí ó tẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí wọ́n yàn kárí gbogbo ilé-iṣẹ́: ẹni tuntun àti ẹni tí ó ti pẹ́, ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àti awakọ̀ tàbí ẹ̀ṣọ́ tí ó jẹ́ pé fóònù ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó fi ń rí ìkànnì náà. Ẹni tí wọn kò bá pè síbi ìdánwò ni ìkànnì tuntun yóò gbàgbé.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ìfọkàntán. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ gbọ́ ọ kedere pé ìkànnì ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe òun. Bí ó bá bẹ̀rù pé àṣìṣe òun yóò dé etí ọ̀gá òun, yóò fi ohun tí kò yé e pamọ́, ìwádìí náà yóò sì di asán. Kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú èsì rẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ojúewé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì yọ èyí tí ó ti di ògbólógbòó kúrò. Fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí ó ṣì wà lójú ìkànnì burú ju fọ́ọ̀mù tí kò sí lọ, nítorí òṣìṣẹ́ yóò kọ ọ́ kún, yóò fi ránṣẹ́, yóò sì máa retí èsì tí kò ní dé.

Ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun Microsystems lọ́dún 2010, Sun kò sì dá dúró mọ́. Ṣùgbọ́n títo káàdì àti ríronú sókè ṣì wà lára ohun tí àwọn tí ń tún ìkànnì ṣe ń lò káàkiri àgbáyé. Káàdì díẹ̀, tábìlì kan àti etí tí ó fẹ́ gbọ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.