Ìtàn Bọ́ọ̀lù Inú Fóònù ní Ìkẹ́rẹ́

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn kan láti ìlú wa, mo mọ̀ pé ìtàn Ògògà tàbí ti òkè Olósùnta ni ó ń retí. Kí ó má bínú sí mi. Ìtàn tí mo mọ̀ dájú, nítorí pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, ni ti bọ́ọ̀lù tí àwa ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń gbá nínú fóònù, àti bí a ti ṣe ń tún un ṣe.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ilé-iṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ géèmù alágbèéká kan tí ń jẹ́ PSP ní ilẹ̀ Japan. Kì í ṣe ohun tí ọmọ tálákà lè rà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi ojú rí ní àdúgbò wa ní ìgbà èwe mi, ẹni tí ó sì ni ín kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó fi di 2014, Sony fúnra wọn ti ń pa á tì. Konami tí ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù PES kò sì ṣe òmíràn fún un mọ́ lẹ́yìn PES 2014. Ìbá ṣe pé ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é nìkan ni ọ̀ràn náà wà, ibẹ̀ ni ìbá parí sí.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, Henrik Rydgård, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti gbé PPSSPP jáde, ó sì fi í fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Emulator ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ èdè, ògbufọ̀ ni mo kà á sí. Èdè tí ọpọlọ PSP gbọ́ kọ́ ni fóònù wa gbọ́. Bí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bá wí pé “ulé”, ògbufọ̀ yóò sọ fún ará Ọ̀yọ́ pé “ilé” ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni PPSSPP ń ṣe láàárín géèmù àti fóònù, ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Gbólóhùn tí ó bá sì ti túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe òpò lẹ́ẹ̀kejì. Ìbá wù mí kí n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò Faransé.

Ẹ wo bí a ti ń gbé mod, èyíinì ni àtúnṣe, wọ inú rẹ̀. Fáìlì ISO ni odindi géèmù. SAVEDATA ni orúkọ àti agbára àwọn agbábọ́ọ̀lù wà. TEXTURES ni ti àwòrán: aṣọ, bàtà, pápá. Wọ́n a máa fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìdì kan kí ó má ba à gba àyè, ZArchiver ni a sì fi ń tú u. Lẹ́yìn náà ni a ó kó SAVEDATA àti TEXTURES sínú fódà tí ń jẹ́ PSP. Bí o bá ṣì wọ́n gbé, ojú fóònù lè ṣú dùdù. Nítorí pé dátà wọ́n, ẹnì kan ni yóò fà á wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa yòókù yóò sì fi Xender gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní í purọ́ fún yín: Konami ni ó ni géèmù náà, a kò sì san kọ́bọ̀. PPSSPP kò ní ẹ̀bi níbẹ̀, nítorí kò gbé géèmù kankan lọ́wọ́ wá.

Kí ni a ń wá tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Géèmù tí Konami fi sílẹ̀ ti dúró sí 2013, ìgbà tí Keshi ń kọ́ Super Eagles. Iwobi àti Ndidi kò tíì wọ ẹgbẹ́ náà. Ní 2018, nígbà tí Ahmed Musa gbá góòlù méjì sí àwọ̀n Iceland ní Volgograd, ta ni yóò tún máa fi ẹgbẹ́ àtijọ́ ṣeré? Àwọn alátùn-únṣe, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Indonesia àti Brazil, ni wọ́n ń kọ orúkọ titun sí i, tí wọ́n sì ń ya aṣọ titun. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀.

Èyí tí mo gbà ní ọdún náà, orúkọ ẹni tí ó ṣe é wà lójú àwòrán tí ó máa ń kọ́kọ́ yọ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. PPSSPP lè yọ àwòrán inú géèmù síta kí o kùn ún bí ó ti wù ọ́. Mo yọ ọ́, mo pa orúkọ náà rẹ́, mo sì kọ tèmi sí i gàdàgbà. Mo pín in ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì dé Ìsẹ̀. Fún oṣù bíi mélòó kan, ọ̀gá ni mo jẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo lọ sí Emùré, mo sì bá ọmọdékùnrin kan tí ń gbá a níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Aṣọ kan náà ni, pápá kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni ó yọ. Mo ní, “Èmi ni mo ṣe eléyìí.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, orúkọ ẹni tí ó ṣe é ni ó wà níbẹ̀ yẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní yunifásítì ni ọ̀ràn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, nígbà tí mo kà nípa Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní London ní 1924. British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí 1938. Síbẹ̀ ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Olójú-ifun, ṣì ń ki í, John Pemberton sì gba oríkì náà sílẹ̀. Ilẹ̀kùn lọ, orúkọ kò lọ. Ẹni tí ó ṣe géèmù tèmi kò ní ìyàwó ní Èkìtì tí yóò ki í. Lẹ́tà mélòó kan lójú àwòrán ni gbogbo oríkì rẹ̀, èmi ni mo sì pa á rẹ́.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo wá a kiri. Fóònù tí mo lò nígbà náà ti bàjẹ́, káàdì inú rẹ̀ kò sì ṣí mọ́. Mo tọ àwọn mẹ́rin lọ nínú àwọn tí a jọ ń gbá a. Méjì ní àwọn kò fìgbà kan ka orúkọ náà rí. Ẹnì kẹta ní ó dá òun lójú pé lẹ́tà B ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kẹrin ní irọ́ ni, D ni.