Oyè Àlùfáà àti Ọlá Olùkọ́: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Àjàyí Crowther

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó mọ inú rò ni ó mọ ọpẹ́ dá. Ọ̀rọ̀ yìí bá ètò ìfinijoyè nínú ìjọ Kristi mu. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá gbé ọwọ́ lé orí ẹni tí yóò jẹ àlùfáà, ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ojú ń rí. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ púpọ̀ ti ṣiṣẹ́ lára ẹni náà ṣáájú ọjọ́ yẹn: ẹni tí ó kọ́ ọ ní ábídí, ẹni tí ó kọ́ ọ ní àdúrà, ẹni tí ó bá a wí nígbà tí ó ṣìnà. Ìtàn Samuel Àjàyí Crowther fi èyí hàn kedere.

Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Abúlé Bathurst ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, lábẹ́ ìtọ́jú Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere C.M.S. Aya Ọ̀gbẹ́ni Weeks wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ ní ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Weeks fúnra rẹ̀ sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kan ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay bẹ̀rẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀.

Nínú ìjọ Áńgílíkà, ẹnikẹ́ni kì í fi ara rẹ̀ jẹ àlùfáà. A ní láti rí ẹni tí yóò mú un wá síwájú bíṣọ́ọ̀bù, tí yóò sì jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ àti ìwà rẹ̀. Àlùfáà J. F. Schön, tí ó bá Crowther rin ìrìn-àjò Odò Ọya ní 1841, ni ó dámọ̀ràn rẹ̀ fún C.M.S. Wọ́n rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹgbẹ́ náà ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1843, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ díákónì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó di àlùfáà, ó sì gba àṣẹ láti ya oúnjẹ Olúwa sí mímọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, tí ó fi èdè Yorùbá darí ìsìn ní Freetown. A fi í jẹ oyè kí ó lè kọ́ àwọn ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ òun náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Kátídírà Canterbury. Yunifásítì Oxford sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá lọ́dún náà. Àwọn èèyàn ńláńlá pé jọ, ṣùgbọ́n àwọn méjì kan wà láàrin wọn tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọ̀kan ni Leeke, tí ó ti di ọ̀gágun àgbà ojú omi. Èkejì ni Ìyáàfin Weeks, tí ó ti di opó nígbà náà. Obìnrin tí ó kọ́ ọmọ ẹrú ní ìwé jókòó, ó ń wò bí wọ́n ti ń gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò sí oyè kankan lórí obìnrin yìí, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọ ń yọ̀ sí lọ́jọ́ náà.

Ó dunni pé ìjọ kan náà kò rántí ẹ̀kọ́ yìí títí. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere láti Ìlú Ọba jókòó nínú ìgbìmọ̀ ní Onitsha, wọ́n dá àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ adúláwọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀sùn kan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi mú àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òjíṣẹ́ náà, kì í ṣe ọwọ́ ọmọlúàbí. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi Charles Phillips àti Isaac Olúwọlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ṣùgbọ́n igbákejì ni wọ́n. Ó di 1952 kí A. B. Akínyẹlé tó di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, tí àkóso odidi ẹkùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìsìn ìrántí ní Canterbury, wọ́n sì tọrọ àforíjì nítorí ìwà tí wọ́n hù sí i. Ibi tí Ìyáàfin Weeks ti jókòó wo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àforíjì náà ti jáde, àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn rẹ̀.