Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Ìjóná

Èyí ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí iná, omi gbígbóná, epo gbígbóná tàbí iná mànàmáná jó, kí ó tó dé ilé ìwòsàn.

Bí aṣọ bá ń jó lára rẹ̀, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó máa yí gbiri. Bó bá jẹ́ iná mànàmáná, kí a kọ́kọ́ pa iná kí a tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, kí a máa da omi tútù sójú ibi tó jóná fún 20 ìṣẹ́jú. Níbi tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí a máa fi ike bù ú dà á díẹ̀díẹ̀. Omi yìí ló ń lé ooru tó ṣì ń jó ẹran ara lábẹ́ awọ. Kí a tètè bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú.

Kí a má fi ẹyin tútù, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i; wọ́n lè kó kòkòrò àrùn sójú egbò. Yìnyín náà ń ba awọ jẹ́. Kí a má bẹ́ ibi tó léròrò. Aṣọ mímọ́ ni kí a fi bò ó.

Bó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí ìjóná náà kan ojú tàbí ojú ara, tàbí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lọ, ilé ìwòsàn yá.