Ayò Tí Ó Mú Ọmọ Abẹ́ Afárá Lọ Sí Ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Lougba! Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá dé ibi tó le, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa, ọdún 2006 ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ, ta ni yóò ra ìwé fún un? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Èkó: ní Majidun ní Ìkòròdú, ní Makoko tí ilé wà lórí omi, àti lábẹ́ afárá Òṣòdì, níbi tí àwọn jàǹdùkú ti ń kọ́ ọmọdé ní olè jíjà. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ọ̀pọ̀ Ègùn tó ń pẹja ní Makoko, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni àwọn bàbá ńlá wọn ti lọ. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ mú ọmọ yín lọ sí Kútọnu tàbí Èkó, ẹ bi í pé: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni yóò lọ?

Ìkòròdú ni Túndé Ọ̀nàkọ̀yà dàgbà sí. Àwọn òbí rẹ̀ kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san, ó sì jókòó sílé. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ ayò kan tó ń jẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ojúlé 64 ló wà lórí pátákó rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 16, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọba. Bí wọ́n bá ti ká ọba rẹ mọ́, o kú ayò nìyẹn. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi, kò ní pẹ́ yé yín.) Ìyá rẹ̀ lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó ní òun yóò máa gbálẹ̀ fún wọn, kí wọ́n bá òun kọ́ ọmọ òun. Wọ́n gbà.

Ní 2018, Túndé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ó sì gbé pátákó ayò lọ sí Majidun. Ó dé Makoko. Ní 2021, ó dé abẹ́ afárá Òṣòdì. Kò fi ìwé bẹ̀rẹ̀, ayò ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ń wá ẹni tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà. Lójú tèmi, kì í ṣe ayò nìkan ló ṣiṣẹ́. Ọmọ tí gbogbo ayé ń pè ní olè, ẹnì kan jókòó tì í, ó sì ń dúró kí ó ronú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ní New York ní Amẹ́ríkà, Túndé ta ayò yìí fún wákàtí 60, èyí ni ọjọ́ méjì àti ààbọ̀, láti fi wá owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Ní 2025 ó padà síbẹ̀. Wákàtí 64 ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ta lọ́tẹ̀ yìí, iye ojúlé tó wà lórí pátákó gan-an.