Ère Ìbejì Ẹ̀gbá: Bí a Ṣe Ń Dá Igi, Àmì àti Ọwọ́ Agbẹ́gilére Mọ̀

Ère ìbejì wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà Yorùbá tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn mùsíọ́mù ilẹ̀ òkèèrè. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a kọ sí abẹ́ wọn: Yorùbá. A kò sọ ìlú tí ó ti wá, a kò sọ agboolé, a kò dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ó tà á kò sọ, ẹni tí ó rà á kò béèrè. Bí irú ère bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà kan ní Abẹ́òkúta, tàbí ní abúlé kan ní apá Kọ́bapẹ́ wa níhìn-ín lójú ọ̀nà Ṣágámù, ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá lè wò ó kí a sì ka ohun tí ó wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ìdí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Kò sí ẹ̀yà tí a mọ̀ tí í bí ìbejì tó Yorùbá. Ní Igbó-Ọrà, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ìwádìí àwọn dókítà láàárín 1960 sí 1980 fi hàn pé nǹkan bí 45 sí 50 nínú 1,000 ìbímọ ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ṣùgbọ́n ìbejì kì í sábà pé oṣù nínú, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í yè láyé àtijọ́. Bí ọ̀kan bá lọ, àwọn òbí a tọ babaláwo lọ, agbẹ́gilére a sì gbẹ́ ère tí ìyá yóò máa wẹ̀, tí yóò máa bọ́, tí yóò máa wọ̀ láṣọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún èyí tó kù.

Igi rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Igi ìrẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí: ó funfun díẹ̀, kò wúwo, kì í sì í bá ọ̀bẹ jà. Ìrókò le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wúwo. Òpó àti ilẹ̀kùn ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú igi tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo ojú ère, nítorí osùn àti òróró ti bo ibẹ̀. Kí ó yí i padà, kí ó wo abẹ́ ìdí tí ère dúró lé. Ibẹ̀ ni igi ti máa ń hàn bí Ọlọ́run ti dá a.

Lẹ́yìn èyí ni àwọ̀. Osùn ni pupa ara rẹ̀. Aró irun rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Wáji, tí a ń ṣe láti ara ewé ẹ̀lú, ni wọ́n fi ń kun irun ère láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúdú mọ́ aró, kì í sì í tàn. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ọjà, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nítorí pé kò wọ́n, kò sì ní wàhálà. Búlúù yìí mọ́lẹ̀ ju wáji lọ. Ère tí ó ní búlúù ìfọṣọ kì í ṣe ayédèrú nítorí ìyẹn o! Ère tí ó pẹ́ lè ti gba wáji nígbà kan, kí ó tún wá gba búlúù lẹ́yìn náà.

Ayédèrú wà lóòótọ́. Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti ń ra ère ni àwọn kan ti ń fi pólíìṣì bàtà àti oríṣiríṣi oògùn sọ igi tuntun di àgbà. Bí ó ti gbó ni a fi ń mọ̀. Ìyá tí ó ń fi ọwọ́ wẹ ère fún ogún ọdún máa ń jẹ́ kí imú, ètè àti ojú rẹ̀ máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í dé kọ̀rọ̀ abíyá àti àárín ẹsẹ̀, nítorí náà ojú ọ̀bẹ ṣì máa ń hàn níbẹ̀. Pépà tí àwọn káfíńtà fi ń dán igi kò mọ ìyàtọ̀: bákan náà ni ó ń dán gbogbo rẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù náà ní irú ìmọ̀ yìí. Ní Torre del Greco, ìlú kan nítòsí Naples ní Ítálì, wọ́n ń fín orí ènìyàn sára ìkarahun inú òkun láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ àyà. Ìpele funfun ìkarahun náà ni ó ń di orí, búráùn abẹ́ rẹ̀ a sì di ẹ̀yìn àwòrán. Ẹni tí ó ń rà á a gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ó tó san owó: ìkarahun a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa tẹ̀ wọnú díẹ̀; ike fúyẹ́, kì í sì í tutù lọ́wọ́ bí òkúta. Bí obìnrin tí a fín bá dé àkẹtẹ̀ ogun, Athena òrìṣà àwọn Gíríìkì ni. Bí ejò bá wà nínú irun rẹ̀, Medusa ni. Àmì ara ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí a fín.

Àmì ara náà ni a fi ń mọ tiwa. Ọmọ ìkókó ni ère ń dúró fún, síbẹ̀ àgbàlagbà ni a gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọmú tàbí okó tó pé. Ojú rẹ̀ a máa ní ilà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ka ilà mẹ́ta tó dúró lóòró lẹ́rẹ̀kẹ́ mọ́ ilà Ẹ̀gbá. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: pupa àti funfun fún ilé onígba Ṣàngó, funfun nìkan fún ti Ọbàtálá. Èyí tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu jù ni tiràà tí a gbẹ́ mọ́ àyà ère mìíràn, onígun mẹ́ta tàbí onígun mẹ́rin. Ère òrìṣà tí ó so tiràà! Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wà láàárín àwọn Ẹ̀gbá kí Henry Townsend tó dé Abẹ́òkúta ní 1843, bàbá tí ó ń kírun kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ̀ láti gbẹ́ ère fún ọmọ rẹ̀.

Ọwọ́ agbẹ́gilére ni ó ṣòro mọ̀ jù. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá kóra jọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn oníṣẹ́ ọnà láti ìlú wọn tó ti fọ́ bá wọn wá. Ní àdúgbò Ìtòkò, ilé kan di olókìkí: ilé Esubiyi àti ọmọ rẹ̀ Adugbologe. (Bí àwọn ìwé òkèèrè ṣe kọ orúkọ wọn ni mo ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, ẹ wo bí àìfi àmì sọ́rọ̀ ṣe ń sọ ènìyàn dàlejò nínú èdè rẹ̀.) Irun tó ga sókè tí a pín lọ́nà-ọ̀nà, àti ojú ńlá tó yọ síta, ni a sábà fi ń mọ iṣẹ́ apá Abẹ́òkúta. Nítorí pé àwọn kan béèrè orúkọ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè ni a fi lè dárúkọ ilé Ìtòkò lónìí. Bí a bá tọ́jú ère sílé, kí a kọ orúkọ agboolé, ti òbí àti ti agbẹ́gilére sínú ìwé pélébé kan, kí a so ó mọ́ ọn. Òfin orílẹ̀-èdè wa, láti 1953 àti èyí tó tẹ̀ lé e ní 1979, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé irú rẹ̀ kọjá ààlà láìgba ìwé àṣẹ.

Nígbà tí Marilyn Houlberg, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ère ìbejì ní 1973, ọmọláńgidi oníke láti ọjà ti ń gba ipò igi ní àwọn ilé kan, àwọn mìíràn sì ń lo fọ́tò ọmọ tó kù láti fi dúró fún méjèèjì. Kò sí ilà lójú oníke, kò sí tiràà láyà rẹ̀, a kò sì lè mọ ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ṣì ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń bọ́ ọ bí wọ́n ti ń bọ́ onígi.