Bí Ọ̀pá Ṣe Ń Bí Òrùka Nínú Gálásì

Ní 1918, Heber Curtis ti ilé ìwo-ìràwọ̀ Lick ní Kalifóníà kíyè sí àwọn agbo ìràwọ̀ (gálásì) kan tí ọ̀pá gbọọrọ dábùú àárín wọn, tí òrùka sì yí ọ̀pá náà ká. Ó fi wọ́n wé φ, lẹ́tà àwọn Gíríìkì. Edwin Hubble yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 1926. Ní 1959, Gérard de Vaucouleurs fún òrùka inú àti òrùka òde ní àmì tiwọn.

Kí ló ń fa òrùka? Bertil Lindblad, ará Swídìn, ló la ọ̀nà. Bí ìràwọ̀ ṣe ń yí gálásì po, bẹ́ẹ̀ ló ń fì wọlé, tó ń fì jáde. Ọ̀pá náà ń yí lódindi, ó sì ń fa ìràwọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Níbi púpọ̀, ìfà wọ̀nyí ń pa ara wọn rẹ́. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé nígbàkígbà tí orí ọ̀pá bá dé, ojú kan náà nínú ìfì ìràwọ̀ ló ń bá a, bí ìlù tó ń bọ́ sí ẹsẹ̀ kan náà fún oníjó. Níbẹ̀ ni ìfà díẹ̀ ti ń di ńlá.

Gáàsì ló wá ń kó jọ síbẹ̀. Ìràwọ̀ máa ń kọjá láàárín ara wọn láìfarakanra, ṣùgbọ́n ìkùukùu gáàsì ń kọlu ara wọn, agbára wọn sì ń dínkù. Èyí tó wà lẹ́yìn orí ọ̀pá, ọ̀pá ń tì í jáde. Èyí tó wà nínú ń já wálẹ̀ sí àárín. Nínú gálásì NGC 1097, gáàsì tó já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti di òrùka tó fẹ̀ tó nǹkan bí 5,000 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀, ìràwọ̀ tuntun sì ń yọ lára rẹ̀ ṣùṣù.

Iṣẹ́ M. P. Schwarz ní 1981 ni mo fẹ́ràn jù. Ó da ìkùukùu gáàsì sínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kí ọ̀pá máa yí. Apá gálásì kọ́kọ́ yọ, wọ́n wé mọ́ra, wọ́n sì di òrùka. Ìṣirò náà sọ pé oríṣi òrùka òde méjì ló yẹ kó wà: ọ̀kan gùn tẹ̀ lé ọ̀pá, èkejì dábùú rẹ̀. Ronald Buta wá wọn kiri nínú fọ́tò ojú ọ̀run gúúsù, ó sì rí méjèèjì. Ìwé àkójọ rẹ̀ ti 1995 gba gálásì tó lé ní 3,600.

Ní 2006, Romero-Gómez, Athanassoula àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú àlàyé mìíràn wá: ní ìtòsí orí ọ̀pá méjèèjì ni ojú kan wà tí òòfà àti yíyí ti wọ̀n dọ́gba, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ ń gbà yọ́ jáde, ipa tí wọ́n sì ń tọ̀ ló ń pàdé ara rẹ̀ di òrùka.